Àwọn Ìlà Tí Ọ̀gbẹ́ni Adélàjà Pa Rẹ́

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣàkíyèsí rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adélàjà kàn fẹ́ sín ni. Bí ó ti gbé pẹ́ńsùlù kúrò lórí bébà, ìró ẹ̀rọ iná tó wà lódìkejì àgbàlá dúró sójú kan, bí ẹni tó sé èémí. Ó sín, ó nu imú, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà. Ẹ̀rọ náà sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ọdún 1956 ni, ní Ìkòròdú, kí n tó di akọ̀ròyìn. Ọ̀gbẹ́ni Adélàjà ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná nílùú òyìnbó. Ìwádìí rẹ̀ ni láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ iná wa yóò fara balẹ̀ padà bí wáyà kan bá já lójijì. Kò ní já wáyà kankan láti dán an wò. Orí bébà ló ti ń já a. Ó gé àkókò sí wẹ́wẹ́, ìlà kan fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń mú nọ́ńbà rẹ̀ nínú èyí tó ṣáájú. Bí mímì ẹ̀rọ bá ń dín kù láti ìlà dé ìlà, kò séwu. Bí ó bá ń pọ̀ sí i, ẹ̀rọ yóò fọ́.

Èmi, Olúsànyà, ni mo ń yẹ ìṣirò náà wò. Ìlà tó bá tọ̀nà, mo fi yíǹkì pupa fàmì sí i.

Bísíríyù, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ló ń tọ́jú ẹ̀rọ. Ìyá rẹ̀, Fàlílátù, ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀; ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa ń lọ kí i. Bísíríyù a máa yọjú lójú fèrèsé wa, á ní àwa alákọ̀wé ń fi pẹ́ńsùlù darí ẹ̀rọ, òun ni ọ́ìlì ń ta sí láṣọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, láàárọ̀, mo rí àṣìṣe ní ìlà keje. Ó yẹ kí Ọ̀gbẹ́ni Adélàjà yọ mẹ́ta kúrò. Ó fi mẹ́ta kún un ni. Mo gbójú sókè wò ó. Ó fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ, ó ti òkè òkun dé. Báwo ni n óò ṣe la ẹnu sọ fún un pé ó ṣi ìyọkúrò ṣe? Mo fàmì pupa sí i.

Nígbà tó dé ìlà ogún, gílóòbù orí wa ń mọ́lẹ̀, ó sì ń ṣú. Nọ́ńbà lọ sókè, iná mọ́. Nọ́ńbà wálẹ̀, iná ṣú. Ní ìlà ọgbọ̀n, omi inú ife ń gbọ̀n, òórùn rọ́bà tó ń jóná sì gba inú ọ́fíìsì. Bísíríyù yọjú. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí ń mì,” ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Mo fẹ́ pa á, kò gbà. Ó jọ pé ẹlòmíì ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.”

Ọ̀gbẹ́ni Adélàjà ní kó sá kúrò níbẹ̀. Bísíríyù ní tí òun bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀, yóò fọ́ lu àwọn tó wà létí títì. Ó padà sídìí ẹ̀rọ.

Ọ̀gbẹ́ni Adélàjà dáwọ́ dúró ní ìlà kẹrìndínlógójì. Ìró náà dúró pẹ̀lú, níbi tó ti le jù, kò wálẹ̀. Àwa méjèèjì la mọ̀ pé nọ́ńbà tó kàn ni yóò fọ́ ẹ̀rọ. Ó wò mí.

“Ìlà keje, sà,” ni mo wí. “Mo ti rí i láti àárọ̀.”

Kò bá mi wí. Ó mú rọ́bà, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láti ìlà keje lọ sísàlẹ̀, mo sì fẹ́ eruku rẹ̀ dànù. Ó tún un ṣe. Nígbà tó dé ìlà ogójì, mímì ti dín kù, iná dúró déédéé, ìró ẹ̀rọ rọlẹ̀. Ó gbórí lé tábìlì.

Mo sáré lọ kí Bísíríyù. Ọkùnrin kan tí n kò rí rí ló wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń nu ọwọ́. Ó kí mi lórúkọ. Ó béèrè bóyá ibà ọmọ mi ti lọ. Mo ní Bísíríyù dà? Ó ní Bísíríyù wo? Ọdún kejì rèé tí òun Adéyọ̀sí ti ń dá tọ́jú ẹ̀rọ náà. Nínú ìwé ìwọlé iṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ló wà lójoojúmọ́. Ọ̀gbẹ́ni Adélàjà ṣí ìwé náà títí dé ẹ̀yìn, ó pa á dé.

“Olúsànyà,” ó wí, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ògiri gbọ́, “kí ni a pa rẹ́?”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ ojú omi, a gba Ejìnrìn kọjá dé Ẹ̀pẹ́. Fàlílátù jókòó ti ọjà rẹ̀. Mo kí i, mo béèrè ọmọ rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run kò fún òun lọ́mọ. Kò fi ìbànújẹ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ lára rẹ̀ ni.

Obìnrin kan ń ná ẹja tó tóbi jù, èyí tí a fi ewé wé sẹ́yìn rẹ̀. Fàlílátù ní kì í ṣe títà. Mo béèrè ẹni tó ń gbé e pamọ́ fún.

Ó wo ẹja náà pẹ́.

“Èmi gan-an ò mọ̀,” ó wí. “Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọwọ́ mi máa ń yọ ọ́ sọ́tọ̀.”

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

“Ọmọ mi, tí o bá rí ẹni tó ni ín, bá mi fún un.”