Òórùn Òrí Lára Okùn Irin

Ìlara burú, ẹ̀yin ará! Òun ló gbé Rachidi awakọ̀ dé ilé ìwòsàn lánàá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló ṣubú sí kòtò ní àdúgbò Djègan-Kpèvi. Rachidi gbé ọkọ̀ tuntun tó ń wọ́ ọkọ̀, èyí tí ọ̀gá gáráàjì fún un, lọ síbẹ̀, ó so okùn irin mọ́ ọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Àfi gbàù! Okùn já, ó padà na Rachidi lẹ́sẹ̀ níbi tó dúró sí. Ọ̀gá ní Mọ́símọ̀, ọmọṣẹ́ tó ń yí ẹ̀rọ tó ń fa okùn, ló fà á jù, ẹ̀wọ̀n ló yẹ ẹ́.

Láàárọ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Sakinath dé gáráàjì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ibi tí okùn ti já. Àwọn fọ́nrán kan rí jákujàku, àwọn yòókù tẹ́jú, wọ́n ń dán. Ẹnì kan fi ọ̀rá kun ibẹ̀ nìkan. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Mọ́símọ̀, kí lẹ fi ń kun okùn?"

"Gíríìsì ni, màdáàmù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wàláì, mi ò fà á jù! Ọmọ mi ò tíì rìn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ."

Sakinath yíjú sí Ghislain, àgbà awakọ̀ tó ń fọwọ́ ra orúnkún. "Bàbá, ta ló kórìíra Rachidi?"

"Níbí kẹ̀? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Mọ́símọ̀ yìí ni ò ní sùúrù."

"Orúnkún ń dùn yín?"

"Ó ti pẹ́. Òrí àti káńfọ̀ nìyàwó mi ń pò fún mi."

Sakinath gbé okùn sí i nímú. Ghislain yíjú kúrò kíá.

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," Sakinath wí. "Okùn tó bá gbó, jákujàku ni gbogbo rẹ̀ ń já. Ayùn ló gé ìdajì èyí. Ẹni tó gé e ò rí gíríìsì mú, ló bá fi ohun tó wà lápò ẹ̀ bo ojú ibẹ̀. Òrí oníkáńfọ̀ ni."

Ghislain figbe ta. "Kí ló dé tí wọn ò fún mi ní ọkọ̀ tuntun náà? Èmi tí mo wa àlòkù títí orúnkún mi fi bàjẹ́! Ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìjánu! Mo jowú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni! Mo ní kí okùn já kójú tì í ni, n ò ní kó ṣe é léṣe."

"Èèyàn ló wà níwájú okùn, bàbá. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n ti gé e lẹ́sẹ̀."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ọ̀tún."

Ghislain wó jókòó sílẹ̀. Mọ́símọ̀, tó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n, kò lè yọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, omi ń dà lójú rẹ̀, "ẹsẹ̀ tó fi ń wakọ̀ mà ni."