Ìṣó Inú Pákó Òkun

"Stella, bá mi di etí ibẹ̀ mú," ni Títílọpẹ́ wí, ó sì gbá ìṣó kẹta wọlé. Ọmọ káfíńtà ni. Baba rẹ̀, ará Ìkìrè tó gba ṣọ́ọ̀bù sí Lotto ní Mowe, a máa sọ pé iṣẹ́ tó bá ń mì, ìtìjú oníṣẹ́ ni.

Ìdíje Jọ́gíráfì ni wọ́n ń múra fún. Pákó kan dúró fún ilẹ̀ gbígbẹ, èkejì fún ilẹ̀ abẹ́ òkun tó ń wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n fa ìlà sísàlẹ̀: ibi tí pákó òkun bá ti kan ìlà náà, òkúta òkè rẹ̀ á yọ́, òkè oníná á sì hù síbẹ̀. Wọ́n kan pákó òkun tiwọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, òkè oníná sì wà létí òkun.

Ṣùgbọ́n máàpù tí tíṣà fún wọn láti lẹ̀ sórí pákó ilẹ̀ gbígbẹ kò gbà. Àmì pupa tó tọ́ka sí àwọn òkúta tó ti yọ́ láyé àtijọ́ wà létí òkun lóòótọ́, àwọn kan sì wà jìnnà réré nínú ilẹ̀.

"Àwọn wọ̀nyí fẹ́ bayé wa jẹ́," ni Stella wí. "Jẹ́ ká lẹ bébà funfun bò wọ́n. Ta ló máa mọ̀? Àbí o ò fẹ́ dé Abẹ́òkúta?"

Títílọpẹ́ fẹ́, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ tó bá borí ló ń lọ ṣe àṣekágbá ìdíje níbẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Olúgbádé, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì ní Ifọ̀, ló ń fún wọn ní máàkì. "Ṣé gbogbo òkúta yẹn ló wà létí òkun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Stella dáhùn.

Irọ́ dùn-ún pa, ká gbé e dúró ló ṣòro. Títílọpẹ́ kúnlẹ̀, ó ya bébà náà kúrò. "Ẹ má bínú, sà. Àwọn kan wà lókèèrè. A ò mọ bí wọ́n ṣe débẹ̀ la ṣe bò wọ́n."

Stella wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbé e mì. Bàbá ní tirẹ̀, pákó ló ń wò. "Ta ló kan èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó le bí ilẹ̀kùn bánkì. Ṣé ìṣó ni wọ́n fi kan ilẹ̀ ayé? Tú u."

Títílọpẹ́ yọ ìṣó, ó rọra gbé ìdí pákó òkun sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Báyìí, pákó náà ní láti rìn jìnnà lábẹ́ ilẹ̀ kó tó kan ìlà. Ó kan ìlà gan-an lábẹ́ àwọn àmì tí wọ́n bò.

"Sà," ó ní, "bí ilẹ̀ abẹ́ òkun ṣe ń wọlẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bó bá dúró ṣánṣán, etí òkun ni òkúta ti ń yọ́. Bó bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkúta á yọ́ jìnnà réré nínú ilẹ̀."

"Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi pamọ́ nìyẹn."

Bàbá yọ máàkì márùn-ún nítorí bébà tí wọ́n lẹ̀. Síbẹ̀, máàkì méjì ni wọ́n fi borí. Stella mí kanlẹ̀. "Títí, o fẹ́ pa mí lónìí."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ fẹ́ pa wá," ni Títílọpẹ́ dáhùn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí kò bá bá àlàyé yín mu, ẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ bi í léèrè. Ó lè jẹ́ òun ni yóò kọ́ yín.