Kànmí Fi Òróró Lé Òrìṣà

“Ẹ̀yin ará, ẹ wò ó! Òrìṣà àwọn kèfèrí rèé!”

Kànmí, àbúrò mi, ló ń pariwo báyìí lójú fóònù. Bó ṣe ń ya ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni gbogbo ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ń wò ó lórí ayélujára. Èmi náà ń wò ó nílé wa ládùúgbò Mount Hope, inú sì ń bí mi. Ọmọ tí kì í fọwọ́ kan Bíbélì láti Sọ́ńdè dé Sọ́ńdè! Ó kàn fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe olórí àdúrà ni, nítorí ó gbọ́ pé Doyin, ọ̀kan nínú àwa ọ̀dọ́, ni wọ́n fẹ́ yàn.

Ó ti parọ́ pé òun fẹ́ bá màmá wa gbé ẹrù lọ sí àdúgbò St. George, níbi tí màmá wa ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú Màmá Sàrójà, arúgbó kan tó wá láti Siri Láńkà. Bí màmá wa ṣe wọ kíṣìnì báyìí, ó yọ́ wọ yàrá ìyá náà. Ère idẹ kékeré kan wà níbẹ̀, ti Láksímì, òrìṣà obìnrin tí ìyá náà ń bọ. Ọ̀gbẹ́ni fa ìgò òróró àdúrà yọ, ó dà á lé ère náà látorí délẹ̀.

“Jáde! Mo ní kí o jáde!” ló ń pariwo mọ́ ère náà.

Idẹ ń lọ síbo?

Màmá Sàrójà ló wọlé, tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Jìnnìjìnnì bo Kànmí, ṣùgbọ́n inú ìyá náà dùn.

“Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo bá mi fi òróró wẹ̀ ẹ́? Bí mo ṣe máa ń ṣe é ní gbogbo Fúráídè nìyẹn. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, mi ò lè dá a ṣe mọ́.”

Bí Kànmí bá sọ òótọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ màmá wa. Akọni wa bá ní òun ni. Ìyá náà gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ń fi èdè rẹ̀ ṣàdúrà fún un. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: àgbà ń ṣàdúrà, Kànmí bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Láksímì.

“Àmín o, mà! Àmín!”

Fóònù ṣì ń yà á.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹni tó ń lé òrìṣà ló dọ̀bálẹ̀ fún un yìí! Nígbà tó di Sọ́ńdè, Doyin ni wọ́n yàn, kò sẹ́ni tó dárúkọ Kànmí àfi àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Màmá wa ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn.

“Kànmí, ṣé o mọ ẹni tó máa ń ní kí n tètè máa lọ ní Sọ́ńdè, kí n má bàa pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì? Ìyá yẹn ni. Ó mọ̀ pé Jésù ni mò ń sìn, kò fi mí ṣẹ̀sín rí.”

Kànmí bú sẹ́kún. Èmi ò káàánú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sin Ọlọ́run, kó sìn ín; ẹni tó bá ń fi ẹ̀sìn ẹlòmíì wá ìyìn fún ara rẹ̀, ìtìjú ni yóò jẹ́ èrè rẹ̀.