Òdòdó Abẹ́ Yàrá

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó kọ́kọ́ wá dojú bolẹ̀ nínú yàrá mi, kó tẹ́tí. Lẹ́yìn ìyẹn, kó wá wí tẹnu rẹ̀.

Èmi àti ìyàwó mi la jọ ń gbin òdòdó tà. A kò bímọ. Òun nìkan ni mo ní láyé. Òdòdó funfun kan là ń fi jẹun: igi rẹ̀ kì í ga ju èjìká lọ, òórùn rẹ̀ a sì máa gba gbogbo ilé. Àwọn èèyàn ń fi í ṣe ọgbà yí ilé ká, àwọn ìyàwó tuntun ń fi í sí irun. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àwọn oníbàárà ń pe ìyàwó mi, nítorí kò sí ẹ̀ka tó fọwọ́ kàn tí kì í hù. Olómi lòun ń pè mí. Ó ní omi bíbù nìkan niṣẹ́ tí mo mọ̀.

Ẹ̀ka la fi ń gbin igi náà. Bí a bá já ewé rẹ̀ tán, èèyàn kì í tètè mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Ìyàwó mi ló kọ́ mi pé kí n máa gé ìdí ní ṣónṣó, kí n gé orí pẹrẹsẹ, kí n má baà gbìn ín lódì.

Ibà wá mú un, kò lọ. Nọ́ọ̀sì àdúgbò gún un lábẹ́rẹ́ títí, ó mi orí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó mi dìde fúnra rẹ̀, ó gbin ẹ̀ka sí ẹ̀bá ògiri yàrá wa. Inú mi dùn. Mo gbé omi lọ, mo sì rí i pé ojú tí ewé ti ń yọ lára gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Orí ló gé ní ṣónṣó.

“Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, o ti gbìn wọ́n lódì.”

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ.”

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀ka náà kò hù, kò sì kú. Ṣùgbọ́n òórùn òdòdó gba yàrá wa, nígbà tí igi kankan kò tanná nínú ọgbà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti ń wá. Sìmẹ́ńtì ibẹ̀ gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Bí òórùn náà ṣe ń le sí i, ohùn ìyàwó mi ń jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ kò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀rù bà mí. Mo jáde, mo gbẹ́ ìdí ẹ̀ka kan. Ó ti gùn gba abẹ́ ògiri wọlé. Òdòdó là lára rẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó funfun báláú. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé e.

Ìyàwó mi ké.

Mo sáré wọlé. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé.

“Olómi.” Abẹ́ sìmẹ́ńtì ni ohùn náà ti wá. “Ẹ má gé mi mọ́. Ẹ fún mi lómi.”

Orí mi wú. Mo bu omi, mo ń dà á sí ibi tí ilẹ̀ ti sán. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò mí mọ́.

A sin ín sí ibi tí wọ́n ń sin òkú, ó jìnnà sí ilé. Nọ́ọ̀sì ní kí n kó kúrò nínú yàrá yẹn.

“Ta ni yóò máa bomi rin ín?” ni mo bi í. Ó wò mí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti da omi, òórùn náà á dìde. “Olómi.” Èmi á ní, “Mo wà níbí.” Ìyẹn náà tó mi.

Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló ń dàgbà sí. Lánàá, àfi ìgbà tí mo dojú bolẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ. Lónìí, mo da korobá kan, mo da èkejì. Sìmẹ́ńtì náà ti tutù.

“Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀?”

Omi nìkan ni mo ń gbọ́, ó ń lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, n kò tíì gbọ́ kó balẹ̀.