Ìwé Ìrìn Isaac

Ìwé náà ti pòórá. Dúrọ́ọ̀ inú yàrá lókè wà ní ṣíṣí, Ruth sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ọkọ fún lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀la ló ń wọ bàálù lọ sí Òsákà, ní Jàpáànù. Ibẹ̀ ni Isaac ọkọ rẹ̀ ti ń fẹsẹ̀ rin àwọn títì ọjà àdúgbò, tó ń ya ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan sínú ìwé: alágboòrùn, oníbisikíìtì, ẹlẹ́ja. Ọ̀kan nínú títì wọ̀nyí ló ṣubú sí, tó sì kú. Ruth fẹ́ gbé fìlà rẹ̀ lọ dúró níbẹ̀. Ìwé yẹn nìkan ló lè júwe ọ̀nà. Ojú ewé tó kẹ́yìn gan-an, kò tíì kà á. Ó ń fi í pamọ́ de Òsákà.

Fọ́tò ọjà ọ̀hún ló kù lára ògiri pálọ̀ nísàlẹ̀. Isaac fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó kú: títì tóóró, òrùlé gíláàsì bò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sórúkọ títì lára rẹ̀.

Adétutù, ọ̀rẹ́ Ruth, mú un sọ̀ kalẹ̀, ó wo fọ́tò náà pẹ́. Ọlọ́pàá ni l'Ékòó tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù ní Blanchardstown níbí, nílẹ̀ òyìnbó, kò tiẹ̀ tíì bọ́ yunifọ́ọ̀mù. Ìpàdé àdúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nínú ilé ni. Ẹni mẹ́ta péré ló gòkè nígbà tí wọ́n ń ṣe é, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà ní pálọ̀.

Túnbọ̀sún, àbúrò Isaac, ti tú báàgì rẹ̀ sórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ó ní lóòótọ́ lòun máa ń sọ pé ìwé ẹ̀gbọ́n òun, ti ìdílé àwọn ni, ṣùgbọ́n òun kì í jí ẹrù òkú. Ó pòṣé, ó tún fi Fọlárìn, ẹnìkẹta wọn, ṣẹ̀sín: ẹni tó há báàgì Bíbélì mọ́ abíyá, tó wá ń ka Sáàmù lórí fóònù.

Joy, ọmọ Ruth, ti ń bẹ ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ yìí pé kó má lọ. Ó ní táwẹ̀lì lòun gòkè lọ mú. "I wouldn't rob Dad's book, Aunty."

Ó ku Fọlárìn, ọ̀rẹ́ Isaac tí wọ́n jọ lọ sí Jàpáànù. Tirẹ̀ gùn. Ó ní àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni, òjò dé bá wọn láàárín ọjà, Isaac sì ṣubú níwájú ẹlẹ́ja, ní títì tí òun ò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Ó ní òun ta agboòrùn bò ó lójú, òun di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ẹ̀mí fi bọ́.

Adétutù tún wo ògiri.

"Bọ̀dá Fọlárìn, òjò wo ló ń rọ̀ lábẹ́ òrùlé?"

Fọlárìn fún báàgì mọ́ abíyá sí i.

"Ẹ ṣí báàgì Bíbélì yẹn."

Ó ṣí i. Kò sí Bíbélì níbẹ̀. Ilé ló fi í sílẹ̀ kí àyè lè wà. Ìwé Isaac ló wà nínú rẹ̀. Ta ló máa yẹ báàgì Bíbélì wò?

"Ó ní àyà ń dun òun," ni Fọlárìn sọ, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Mo ní kó jẹ́ n sùn. Òun nìkan ló jáde. Ó kọ ọ́ sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Ọlọ́pàá ibẹ̀ ló fi ìwé lé mi lọ́wọ́, mo gbé e fún yín, mi ò sì ronú pé ẹ máa kà á débẹ̀."

Ọdún méjì ni Ruth ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí.

"Ta ló wá di ọwọ́ rẹ̀ mú?"

"Wọ́n ní ìyá ẹlẹ́ja ni. Kò fi í sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé."

Ruth ṣí ìwé. Isaac ti ya ìyá náà: kúkúrú, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, ẹnu ṣí bí ẹni tó ń polówó. Ó pa ìwé dé láì dé ojú ewé tó kẹ́yìn.

"Joy, bá mi mú fìlà bàbá ẹ wá. Mo ti mọ ẹni tí mo máa gbé e fún ní Òsákà."