Odì Kọ́ Ni Àrẹ̀mú Yàn

Lọ́jà Ṣáṣá, bí o bá fẹ́ ra ata lọ́wọ́ Àrẹ̀mú, ọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bù fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Yóò yin ata, yóò yin ìyá tó bí ọ, yóò bú ata ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí o tó mọ̀, o ti ra odindi agbọ̀n, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ lo wá rà.

Ṣùgbọ́n bí inú bá bí Àrẹ̀mú yìí, ẹnu yẹn náà ni yóò tì pa. Odì yíyàn ni iṣẹ́ rẹ̀ kejì. Nítorí ọkọ́ lásán, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yodì láti ìgbà tí wọ́n gbin àgbàdo títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán. Gbogbo abúlé wọn ní Akínyẹlé ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Adétutù ìyàwó rẹ̀ bá a jà lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó pa tì. Àrẹ̀mú ní ara òun ti yá, ta ló máa ń jẹ oògùn lójoojúmọ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà? Ọ̀rọ̀ di ariwo. Níkẹyìn ó na ìka sí i.

"Ìyá Ṣeunfúnmi, má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Ilẹ̀ mọ́. Adétutù kúnlẹ̀ kí i, kò dáhùn. Ó bi í bóyá yóò mu ẹ̀kọ, ó kàn ń wò ó. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan; Adétutù ní ó ń yínmú sí òun. Ó pòṣé, ó gbé agbọ̀n, ó gba oko lọ.

Nígbà tó fi máa dé lọ́sàn-án, Àrẹ̀mú ti wà nílẹ̀ lẹ́bàá àga, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra. Rọpárọsẹ̀ ni. Láti òwúrọ̀ ló ti ń fi ojú bẹ̀bẹ̀, tí ẹni tó ń bẹ̀ rò pé ìjà ló ń jà.

Wọ́n dóòlà ẹ̀mí rẹ̀ nílé ìwòsàn. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ padà, ọwọ́ ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kò bọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa mú un wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, ṣùgbọ́n Adétutù rò ó pé àgbàlagbà wo ló tún ń lọ kọ́ ọ̀rọ̀? Wọn kò lọ.

Gbogbo iṣẹ́ wá di tirẹ̀ nìkan. Á wẹ̀ fún ọkọ, á lọ ta ata, á darí wálé wá máa já àlọ́. Bí Àrẹ̀mú bá nawọ́, ó lè jẹ́ omi, ó lè jẹ́ aṣọ, ó lè jẹ́ eṣinṣin. "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀, òun náà ló sì ń sọ nígbà tó bá fẹ́ sọ pé rárá. Ó rẹ Adétutù dé eegun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n mú Àrẹ̀mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ. Ẹgbẹ́ akọrin gbé orin àtijọ́ kan. Àrẹ̀mú la ẹnu, ó sì kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ kan kò sọnù. Gbogbo ìjọ bú sí ijó. Adétutù nìkan ni kò jó. Àṣé ẹnu yìí ń ṣiṣẹ́. Àṣé òun nìkan ni kò fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, Adétutù rọra sọ fún un: "Baba Ṣeunfúnmi, ẹ pe orúkọ mi."

Àrẹ̀mú la ẹnu. Òógùn bò ó. Ó ní: "Bẹ́ẹ̀ ni."

Adétutù di ẹrù rẹ̀. Ilé àwọn èèyàn rẹ̀ ní Lálúpọn ló ń lọ. Kí ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ máa jẹ ìdákẹ́jẹ́ nìṣó. Ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Ìyá Wòlíì Gbọ́njúbọ́lá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó kúnlẹ̀, ó ní bí kì í bá ṣe odì, kí wọ́n bá òun wo ẹni tó so ọkọ òun láhọ́n. Ìyá Wòlíì mi agogo. Wọ́n di ojú. Wọ́n la ojú.

"Mi ò rí nǹkan kan. Ibi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ nílé ìwòsàn ńkọ́?"

Adétutù ní àwọn ò lọ.

"Ẹ bẹ Ọlọ́run níṣẹ́, ó jẹ́ ẹ, ẹ ò lọ gba èsì. Sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Èmi á gbàdúrà, ẹ̀yin ẹ lọ wọkọ̀."

Obìnrin tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ nílé ìwòsàn, Ọlámipọ̀sí, gbọ́ ẹjọ́ orin náà, kò rẹ́rìn-ín. Ó kó ife, kọ́kọ́rọ́ àti ìyarun síwájú Àrẹ̀mú, ó ní kó mú ife. Ó mú ife. Ó ní kó pe orúkọ ohun tó mú yẹn. Òógùn tún dé.

"Mọ̀mí, wọn ò bá yín yodì. Bí tírélà bá ṣubú dí ọ̀nà Mọ́níyà, ata ò kúrò lóko, Ṣáṣá ò sì kúrò níbi tó wà. Ọ̀nà ló dí. Dádì mọ̀ yín, wọ́n mọ orúkọ yín. Apá òsì ọpọlọ ló ń to ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ò dé lọ́jọ́ yẹn tó fi bàjẹ́."

"Orin ńkọ́?"

"Orin tó ti mọ́ni lára ń rí ìrànlọ́wọ́ láti apá ọ̀tún. Ọ̀nà abúlé nìyẹn. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi lè kọrin, tí wọn ò lè béèrè omi."

Adétutù bi í bóyá ọ̀nà tó dí á là.

"Bí mọ́tò bá ń gba inú igbó lójoojúmọ́, igbó á di ọ̀nà. Mi ò lè ṣèlérí pé gbogbo ẹ̀ ló máa padà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọn ò rìn, koríko ló máa hù."

Ó kọ́ wọn láti máa fi orin béèrè nǹkan, kí Àrẹ̀mú máa fi ọwọ́ òsì lu orúnkún rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọ ọ́: fún-mi-ló-mi.

Ẹ̀yin rò pé iṣẹ́ Adétutù dínkù? Ó pọ̀ sí i ni. Bó bá ti ọjà dé, orin omi, orin iyọ̀, orin ṣòkòtò. Àwọn aládùúgbò rò pé wọ́n ti dá ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọjọ́ mìíràn Àrẹ̀mú á sunkún. Ọjọ́ mìíràn Adétutù á sùn lọ láàárín orin, ọkọ ni yóò jí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ó kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀, ó sì fẹ́ dìde láìretí èsì. Àrẹ̀mú lu orúnkún.

"Mo... ti... lo... oògùn."

Adétutù jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìjà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́sí ló parí yẹn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹnu ẹnìkan bá wọ́ lójijì, tí apá rẹ̀ rọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́ tàbí tó dákẹ́, ẹ má dúró wádìí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi àgbo tàbí oúnjẹ sí i lẹ́nu, ó lè há a lọ́fun. Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má dá a dúró nítorí pé ara ti yá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Bí ọ̀rọ̀ bá sì sọnù lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, òye kì í sábà bá a lọ. Ẹ tètè wá ẹni tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ pa rédíò, ẹ sọ̀rọ̀ ṣókí, kí ẹnìkan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, ẹ má sì ṣe é bí ọmọdé. Ẹ̀yin tó ń tọ́jú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹbí gbà yín sinmi.

Ó ṣì ń rẹ Adétutù o. Ṣùgbọ́n bó bá bi ọkọ rẹ̀ ní ìbéèrè báyìí, ó ń fa àpótí, ó ń jókòó, ó ń dúró de èsì.