Jákẹ́ẹ̀tì Taoheed Tí Wọ́n Rí Lórí Omi

"Ẹ gbọ́, ọmọ Àmúdàtù yẹn... wọ́n ní òun fúnra ẹ̀ ló bọ́ ọ..."

"Bọ́ kí ni?"

"Jákẹ́ẹ̀tì orí omi, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Wọ́n ní nítorí fọ́tò... pé kí wọ́n lè rí bùbá tó rán..."

"Èmi tiẹ̀ gbọ́ pé ó ti mu nǹkan kó tó..."

"Taoheed? Tí kì í fẹnu kan ọtí?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Wọ́n ní..."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri nìyẹn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, láti ìdí ẹ̀rọ omi dé ìsọ̀ oníbúrẹ́dì. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ parí. Kò sì sí ìkankan nínú wọn tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti dé pálọ̀ Àmúdàtù, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ ẹ̀.

Télọ̀ ni Taoheed. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kó ara wọn jọ, wọ́n lọ ṣeré lódò Ògùn, níbi tí odò náà ti fẹ̀ kó tó wọ inú ọ̀sà. Wọ́n sun ẹja létí omi. Wọ́n ta lúdò, wọ́n fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lọ sáàárín odò. Bí ẹnì kan ṣe gbé fóònù sókè pé kí wọ́n wá ya fọ́tò, gbogbo wọn rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ fì. Taoheed já sómi.

Kíá ni wọ́n rí jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tó dá léfòó. Òun gan-an ni wọn ò rí, àfi nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Roqeeb ni alága àwọn ọ̀dọ́ náà, òun ló ṣètò ìgbafẹ́ ọ̀hún, òun ló sì ra àwọn jákẹ́ẹ̀tì. Òun àti Lubabah, àbúrò ẹ̀ obìnrin, ló jọ wá kí Àmúdàtù. Lubabah ló jókòó ti Taoheed nínú ọkọ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti dé ló ti ń wo ilẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ kú àmúmọ́ra," ni Roqeeb wí, ó dọ̀bálẹ̀. "Ọlọ́run á forí jìn ín."

"Àmín. Roqeeb, ṣé òótọ́ ni pé ọmọ mi ló bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀?"

"Mọ́mì, a bá a sọ̀rọ̀ tó. Ọ̀dọ́ ni. Ẹ náà mọ̀ pé ó fẹ́ràn kí wọ́n máa wo òun."

"Taoheed mi? Tó máa ń sá tí wọ́n bá fẹ́ yà á ní fọ́tò?"

"Jákẹ́ẹ̀tì tó dá léfòó yẹn ṣáà ni ẹ̀rí, mà. Ká ní ó wọ̀ ọ́ ni, inú ẹ̀ là bá ti bá a."

Àwọn àgbà tó jókòó mi orí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Òótọ́ kúkú ni."

Ìyẹn ki Roqeeb láyà. Ó ní, "Sátidé tó ń bọ̀, a tún ń lọ. A máa fi ṣe ìrántí ẹ̀."

Àǹtí Lydia, tó ń gbé ní yàrá kejì, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àmúdàtù tó ń rọ̀ ọ́ pé kó mu ẹ̀kọ. Iṣẹ́ Àǹtí Lydia ni kó máa bá wọn yọ èèyàn nínú omi. Ó gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀.

"Jákẹ́ẹ̀tì wo lẹ fẹ́ wọ̀ lọ ní Sátidé?"

"Àwọn tó wà nílẹ̀ náà ni. Òkirikà ni mo ti rà wọ́n, ṣùgbọ́n ojúlówó ni. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n."

"O dán bẹ́líìtì wọn wò?"

"Àǹtí, a ò wá jà o."

"Èmi wá jà! O pa irọ́ mọ́ òkú lójú ìyá ẹ̀, o tún fẹ́ lọ kó ọmọ ẹlòmíì! Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń mi orí, ẹ gbọ́. Téèyàn bá wọ jákẹ́ẹ̀tì tí ò dè é, tó já sómi, omi á ti jákẹ́ẹ̀tì náà sókè, á gba orí ẹni náà yọ. Jákẹ́ẹ̀tì á léfòó, èèyàn á rì. Ẹ má sọ fún mi pé ọmọ yìí bọ́ nǹkan kan. Wọn ò dè é ni!"

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ ní Sátidé ti kún ẹnu ọ̀nà. Àǹtí Lydia kọjú sí wọn.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣeré lórí omi. Eré orí omi dùn. Ṣùgbọ́n kí kálukú wọ jákẹ́ẹ̀tì tó bá a lára mu létí omi, kó tó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀. Ẹ de gbogbo bẹ́líìtì ẹ̀. Kí ẹnì kejì yín dì í mú léjìká, kó fà á sókè. Tó bá gòkè dé etí yín, kò dára, ẹ bọ́ ọ, ẹ gba òmíì. Tí kò bá sí òmíì, ẹ má lọ! Ta ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bà yín? Tí ọkọ̀ bá ti kún jù, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé àárín omi, ẹ jókòó. Ẹ má rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí fọ́tò, ẹ má sì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì àfi tẹ́ ẹ bá tẹ ilẹ̀. Ẹni tó bá kó yín jáde, kó wo jákẹ́ẹ̀tì ara kálukú yín kí ọkọ̀ tó gbéra. Tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó jókòó sílé ìyá ẹ̀!"

Roqeeb ti ń làágùn. "Ó dáa, ẹ bú mi. Ṣùgbọ́n Taoheed kì í ṣe ọmọdé. Tí nǹkan bá ṣe jákẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, kí ló dé tí ò sọ̀rọ̀?"

"Ó sọ̀rọ̀."

Lubabah ni. Ohùn ẹ̀ ò ròkè, ṣùgbọ́n gbogbo pálọ̀ ló gbọ́ ọ.

Roqeeb dìde. "Lubabah, jẹ́ ká máa lọ."

Lubabah ò dìde. Ó ti ń sunkún. Ìyá wọn ti kìlọ̀ fún un nílé pé bó ti wù kó rí, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni Roqeeb.

Àmúdàtù di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Ọmọ mi, kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n Roqeeb, bẹ́líìtì tèmi ti já, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ ẹ̀.'" Ó gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ dá a lóhùn, Bọ̀dá mi. Ẹ ní, 'Gbé e kọ́rùn bẹ́ẹ̀, jàre. Ṣebí fọ́tò lásán la fẹ́ yà.'"